Òṣómàáló Ẹnu Ọ̀nà

Aago méjì òru ní Ọ̀kẹ́sà.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́,
bátìrì kọ̀ǹpútà mi ku ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún,
ó sì tún lóṣòó síwájú mi,
ó ní òun ò ní dìde.

Ìlà kẹtàdínlọ́gọ́rin ló ń bá mi fà á lé lórí.
Mo ní, "Jẹ́ ó kọjá, màá tún un ṣe lọ́la."
Ó ní, "O gbé ìgbà, o gbé igba,
o ní kí n rò wọ́n pọ̀.
Kí ni wákàtí àti mílígíráàmù jọ ń jẹ́
bí a bá kó wọn sínú àpò kan?"
Mi ò rí èsì fọ̀.

Fápohùndà, bàbá tó bí bàbá mi,
ta aṣọ àwìn láti Ìlẹ́ṣà dé Ìkàrẹ́,
dé ibi tí èdè ti ń yí padà lẹ́nu èèyàn.
Gbogbo gbèsè ló wà nínú ìwé pélébé kan
tó ń rùn fún epo àtùpà,
kò sì sí àmì lórí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀.
Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, kò ráyè àmì.
Ó kọ ọ́ pé: *Lamidi, igba.*
Nígbà tí kòkó gbó tó padà lọ gbowó,
Lámídì wọ yàrá, ó gbé igbá fínfín kan jáde:
"Ẹ gbà, Bàbá. Ohun tẹ́ ẹ kọ nìyẹn."
Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí.
Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́nu ọ̀nà Lámídì,
kí igba kọ́bọ̀ tó yọjú.
Orúnkún rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú,
ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń fàmì sórí gbogbo nǹkan,
títí kan orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ti ilé ìwòsàn ọmọdé ni ètò tí mo ń kọ yìí:
ìwọ̀n ọmọ á wọlé, ìwọ̀n oògùn á jáde.
Kò tíì sí ọmọ kankan nínú rẹ̀.
Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí igbe.
Èyí tó lóṣòó yìí kàn ń ka ohun tí mo kọ ni,
ó ń tọ ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rìn,
àti èyí tí mi ò rántí pé mo là:
bí ìyá ọmọ ò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́?
Bí òṣùwọ̀n bá bàjẹ́,
tí nọ́ọ̀sì fi àlàfo sílẹ̀ ńkọ́?

Ó máa ń ṣi èèyàn mú o.
Lánàá ó dá ìlà kan dúró tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.
Mo ṣàlàyé, mo bú u, mo bú ẹni tó ṣe é,
mo tún ìlà náà kọ kó lè yé e.

Mo fún ìgbà lórúkọ, Wákàtí.
Mo fún igba lórúkọ, Ìwọ̀n.
Mo ní kí wọ́n máa kí ara wọn,
kí wọ́n má sùn sórí ẹní kan náà.
Ó dìde.
Kò kí mi, kò dúpẹ́,
ó kàn kúrò lọ́nà bí ẹni tí wọ́n sanwó fún.
Bátìrì kú.

Láàárọ̀, Nọ́ọ̀sì Ọmọtádé wo ìlà kẹtàdínlọ́gọ́rin,
ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.
"Igba? Fún ọmọ oṣù mẹ́ta? Ogún ni, jàre."

Àmì pé lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ pé.
Òṣómàáló mi mọ igba yàtọ̀ sí igbá,
kò mọ ọmọ.

Ọmọtádé fa aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè díẹ̀,
ó lóṣòó tì mí níwájú kọ̀ǹpútà,
ó ní, "Ó yá, padà sí ìlà kìn-ín-ní."